Ọwọ́ Asípéì Níwájú Ọkọ̀

Àwọn tó ń fojú kéré orílẹ̀-èdè wa pọ̀. Wọ́n á wo Sùrìnámù lórí àwòrán ayé, wọ́n á ní, ṣé gbogbo rẹ̀ nìyí? N kì í bá wọn jà mọ́. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí wọ́n wá lóṣù kẹwàá, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti fa odò gbẹ débi tí àpáta ń yọ eyín, kí wọ́n wọ ọkọ̀ ní Àtíjóní, kí wọ́n máa bọ̀ ní abúlé wa ní Píkísándù. Kí wọ́n tó dé, ìdí wọn á ti sọ fún wọn bí ilẹ̀ wa ṣe tóbi tó.

Èmi fúnra mi kì í ṣe ọmọ odò. Koroní létí òkun ni wọ́n bí mi sí, níbi tí àgbọn ti pọ̀ ju èèyàn lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí ìjọba ní kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọ Píkísándù níwèé. Mo sunkún. Bọ́ọ̀sì tó gbé wa kúrò ní Paramaríbò kò tètè gbéra, nítorí awakọ̀ ní òun ń dúró de obìnrin kan tó lọ ra adìyẹ. Nígbà tí obìnrin náà dé, adìyẹ méje ló kó wọlé, èmi ni mo sì gbé mẹ́ta lé ẹsẹ̀. Nígbà tí a fi dé Àtíjóní, tí ọ̀nà ilẹ̀ parí, tó ku omi nìkan, inú ti bí mi yó. Oòrùn sì ń ta bí iná. Mo wọ ọkọ̀, mo jókòó sáàárín àpò ìrẹsì, mo ṣí agboòrùn mi, agboòrùn ńlá aláwọ̀ ewé tí ìyá mi rà fún mi.

Ọkọ̀ kò tíì rìn jìnnà tí ẹni tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo. Mo rò pé ẹlòmíràn ló ń bá wí. Ni ọkùnrin tó wà ní imú ọkọ̀ bá gbé ọ̀pá gígùn ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó rìn bọ̀ lórí àwọn ẹrù bí ẹni ń rìn nínú yàrá rẹ̀, ó gba agboòrùn lọ́wọ́ mi, ó pa á dé jẹ́jẹ́, ó tẹ́ ẹ sí mi lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣí fìlà koríko orí ara rẹ̀, ó fi dé mi.

"Ẹ má bínú, Tíṣà," ló wí. "Ọwọ́ mi ni Líndò fi ń ríran. Bí ẹ bá kọ́ ilé yìí sí wa láàárín, orí àpáta ni gbogbo wa máa sùn."

Bí mo ṣe mọ Asípéì nìyẹn. Ó ti di ọdún méjìlélógún.

Ọkọ̀ odò wa gùn, ẹni tó wà nídìí ẹ́ńjìnnì kò lè rí omi tó wà níwájú. Ẹni iwájú ló ń rí i. Ó ń gbé ọwọ́ sí ọ̀tún, ó ń gbé e sí òsì. Bó bá tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, kí ọkọ̀ rọra. Bó bá di ẹ̀ṣẹ́, kí ọkọ̀ dúró. Ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohùn, ọwọ́ nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Asípéì ti wà ní imú ọkọ̀ láti ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Nígbà tó fẹ́ Nówè, ó mú Líndò àbúrò ìyàwó rẹ̀, ó kọ́ ọ ní odò, ó fi í sídìí ẹ́ńjìnnì, àwọn méjèèjì kò sì yà mọ́. Gbogbo àpáta ló lórúkọ lẹ́nu wọn. Èyí tó burú jù ń jẹ́ Ìyá Ìyàwó, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bí Asípéì ti wí, bó o bá kọjá lára rẹ̀ láì kí i dáadáa, ilé rẹ tú nìyẹn. Ìyá Nówè pàápàá wà láàyè nígbà náà, ó sì máa ń rẹ́rìn-ín sí i.

Lọ́dọ̀ wa, ọkùnrin tó nífẹ̀ẹ́ obìnrin a gbẹ́ àjẹ̀ fún un, kó máa fi tu ọkọ̀ lọ sóko. Oṣù mẹ́ta ni Asípéì fi gbẹ́ ti Nówè, ó fín in láti òkè délẹ̀. Nówè gbà á, ó gbé e kọ́ ògiri, ó ń bá àjẹ̀ àtijọ́ tó ti ya létí lọ. Ó ní tọkọ òun ti lẹ́wà jù láti ti bọ omi. Ọgbọ̀n ọdún ni Asípéì fi ń ráhùn kiri. "Àjẹ̀ ni mo gbẹ́ fún un o, ẹ̀yin èèyàn, ó sọ ọ́ di àwòrán!"

Lọ́jọ́ kan, ní nǹkan bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó yà sílé-ẹ̀kọ́ lọ́sàn-án gangan. Mo bu kúwáákà, gàrí tiwa lódò, fún un, mo fi omi rin ín bí ó ṣe fẹ́ràn rẹ̀, mo gbé ẹja dídín tì í, mo sì gbé abọ́ náà síwájú rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá abọ́ náà lórí tábìlì. Ó kọjá lára rẹ̀, ó padà, ó kọjá lẹ́ẹ̀kan sí i. Mo ń wò ó. Mo mú ọwọ́ rẹ̀, mo gbé e lé etí abọ́.

"Ó dà bí ìgbà tí wọ́n ta aṣọ funfun bò mí lójú," ló wí níkẹyìn. "Tòsì ti lọ. Tọ̀tún ń palẹ̀ mọ́."

"Ta ló mọ̀?"

"Èmi, Ọlọ́run, àti ẹ̀yin báyìí. Ẹ má sọ fún Líndò. Ẹ má sọ fún Nówè pàápàá."

Mo ní dókítà wà ní Ìlú, ní Paramaríbò, tó ń bó irú awọ yẹn kúrò lójú, pé ìyá mi ṣe é, ó sì ń fi abẹ́rẹ́ ránṣọ di òní. Ó mi orí. Ó ní bí ẹlòmíràn bá jókòó ní imú ọkọ̀ fún ẹ̀ẹ̀rùn kan gbáko, ìjókòó ti di tirẹ̀, ẹni tó lọ kì í padà wá bèèrè. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n mo tún mọ̀ pé ìyẹn nìkan kọ́, mo sì dúró títí ó fi sọ ìyókù.

"Ẹ ò mọ ẹ̀gbọ́n mi, Akóbò. Àyà ló ń dùn ún. Ó wọ ọkọ̀ mi lọ sí Ìlú, ó ń fi Líndò ṣẹ̀fẹ̀ títí a fi dé Àtíjóní. Oṣù kan lẹ́yìn náà, èmi ni mo lọ gbà á. Ọ̀hún ni wọ́n sin ín sí. Irun orí rẹ̀ àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n dì sínú aṣọ funfun fún mi, kò tó ẹ̀kúnwọ́ kan. Mo gbé e sáyà nínú bọ́ọ̀sì, mo gbé e sáyà nínú ọkọ̀. A kan pósí tó gùn bí ọkùnrin fún un, a tẹ́ ẹ sínú rẹ̀, a sunkún, a ṣe gbogbo ohun tó yẹ. Èmi ni mo gbé iwájú pósí yẹn, Tíṣà. Ó fúyẹ́." Ó fi ìka ti abọ́ kúwáákà síwájú. "Mi ò fẹ́ fúyẹ́ bẹ́ẹ̀."

Mo búra fún un pé n kò ní sọ. Láti ọjọ́ náà ni inú ti ń bí mi sí ara mi, nítorí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ń wọ ọkọ̀ yẹn, èmi náà sì ń wọ̀ ọ́. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá wọlé, mo ń gbàdúrà, mo sì ń ṣọ́ ọwọ́ Asípéì bí ẹni ń ṣọ́ wàrà lórí iná.

Báyìí ni mo ṣe rí ohun tí n kò wá. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá ni, a dé Ìyá Ìyàwó, ọkọ̀ yà sí òsì. Ó ti yà tán kí ọwọ́ Asípéì tó gbéra láti ní kó yà sí òsì. Mo rò pé mo ṣèèṣì rí i bẹ́ẹ̀ ni. Ní àpáta tó tẹ̀ lé e, bákan náà. Nígbà tí a gúnlẹ̀, mo dúró títí Asípéì fi gun òkè lọ tán, mo wá kojú Líndò.

"Líndò, ọwọ́ ta lò ń wò?"

"Ọwọ́ àna mi, kẹ̀."

"Irọ́ ni. Ọkọ̀ ti ń yà kí ọwọ́ tó gbéra."

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó fà mí lápá sẹ́yìn igi. "Ẹ rọra, Tíṣà! Àbí ẹ̀yin náà ti mọ̀?"

"Mo mọ kí ni?" mo ní, nítorí mo ti búra.

"Ojú rẹ̀. Ó ti ń lọ sí ọdún méjì. Mo mọ odò yìí sórí, òun ló kúkú kọ́ mi. Mo kàn ń darí ọkọ̀ fúnra mi ni."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún un?"

"Kí n sọ kí ni? Ọkùnrin tó sọ mí dèèyàn, tí kò gbá mi létí rí àfi ẹ̀ẹ̀kan, tí ẹ̀kan ọ̀hún sì tọ́ sí mi. Kí n wá dúró níwájú rẹ̀ kí n ní, Ba, ẹ dìde níbẹ̀ yẹn, ẹ ò wúlò mọ́? Ẹnu mi ò gbà á." Omi ti ń lé sí i lójú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kó mọ̀ pé mo mọ̀."

Mo tún búra. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni Nówè bá mi létí odò, níbi tí mo ti ń fọ abọ́. Ó ní, "Tíṣà, mo fẹ́ sọ nǹkan kan fún yín, ẹ má sọ fún bàbá o." Ó ní ojú kan náà lòun ń gbé abọ́ ọkọ òun sí lójoojúmọ́, òun kì í sì í sún àga mọ́. Olórí abúlé náà pè mí, ó bi mí bóyá mo ti ṣàkíyèsí nǹkan kan, ó sì ní kí n gbé ẹnu mi dákẹ́. Gbogbo Píkísándù ló mọ̀, gbogbo wọn ló sì mú mi búra. Lọ́dọ̀ wa, a kì í ka àìlera àgbà sí i lójú. À ń dúró kí òun fúnra rẹ̀ gbé e wá. Ìfẹ́ ni, n kò sọ pé kì í ṣe ìfẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo ilé bá ń tan ara wọn nítorí ìfẹ́, ta ló ń wo ọ̀nà?

Nínú oṣù kọkànlá lọ̀rọ̀ náà bẹ́. Òjò àkọ́kọ́ ti rọ̀ lókè odò, ọjọ́ kejì la gbéra ní Àtíjóní, àwa mẹ́sàn-án. Ìwé àwọn ọmọ wà nínú ọkọ̀, ṣọ́ọ̀kì wà níbẹ̀, ìrẹsì wà níbẹ̀. Bí a ṣe ń sún mọ́ Ìyá Ìyàwó, Asípéì gbórí sókè bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó yí etí sí omi. Ó káwọ́ sókè, ó di ẹ̀ṣẹ́ gírígírí: ẹ dúró! Mo rí i kedere. Ó ti pẹ́ tí ọwọ́ yẹn kò ti ṣáájú ọkọ̀ mọ́. Mo yára wẹ̀yìn wo Líndò. Líndò ń wo etí odò, ojú rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ó sì yí ọkọ̀ sí òsì bó ṣe máa ń yí i.

Igi ńlá kan ti ṣàn wá látòkè, ó há sí ọ̀nà òsì, omi sì bò ó mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ gbá a, imú rẹ̀ gbéra sókè, Asípéì sì já sínú omi. Ọkọ̀ dojú dé ẹ̀gbẹ́ kan. Ìwé lọ, ṣọ́ọ̀kì lọ, ìrẹsì lọ. Àwa èèyàn di àpáta mú, omi dé wa láyà, kò gbé ẹnikẹ́ni lọ, Ọlọ́run ṣeun. Líndò ló bẹ́ wọ omi tẹ̀ lé àna rẹ̀, ó wọ́ ọ lẹ́wù gòkè, ó gbé e jókòó sórí àpáta.

Asípéì tu omi ẹnu rẹ̀ dànù. Ọ̀pá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo di ẹ̀ṣẹ́," ló wí. "Omi ń dún lọ́tọ̀, mo gbọ́ ọ, mo sì di ẹ̀ṣẹ́. Líndò, ṣé o ò rí i ni?"

Líndò lè purọ́. Ó lè ní oòrùn wọ òun lójú. Àwa tó kù tutù rinrin, a ń wò ó, n kò sì mọ èyí tí mò ń bẹ Ọlọ́run fún, kó purọ́ ni o, kó má purọ́ ni o.

"Mi ò wò ó," ni Líndò wí.

"O ò wò ó?"

"Mi ò wo ọwọ́ yín, Ba."

Asípéì yí ojú sí ibi tí ohùn ti wá. Kò bá ojú Líndò pàdé, àpáta tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ń wò. "Láti ìgbà wo?"

"Ọdún méjì."

"Ọdún méjì," ni Asípéì wí. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sójú, ó mú un sún mọ́ ojú gan-an, ó ń wá a. "Ọdún méjì ni mo ti ń juwọ́ sí afẹ́fẹ́."

Mo sunkún níbẹ̀, ojú kò tì mí. Líndò kúnlẹ̀ nínú omi, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Ó ní ẹ̀rù ló bà òun, òun kò fẹ́ kí ẹlòmíràn jókòó síbẹ̀ yẹn, òun kò fẹ́ máa wo ẹ̀yìn orí ẹlòmíràn láti àárọ̀ dalẹ́.

"Ta ló tún mọ̀?" ni Asípéì bi í.

Ìyá àgbà kan, Tía Yégì, tó gbé adìyẹ tó ti rin gbingbin há abíyá, ló wá ní, "Gbogbo wa ni, ọmọ mi."

"Nówè ńkọ́?"

"Òun ló kọ́kọ́ mọ̀."

Asípéì gbé ọ̀pá rẹ̀ lé itan. Lẹ́yìn náà ló rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó le lákọ̀ọ́kọ́, tó wá rọ̀ bó ṣe ń lọ. "Èmi sì ń ṣe bí ẹni ríran nínú ilé! Mo kọsẹ̀ lára ìkòkò, mo ní ajá ló gbé e síbẹ̀! A ò tiẹ̀ lájá!" Adìyẹ Tía Yégì pàápàá ké. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, ó nu ojú rẹ̀. "Ẹ̀bi tèmi ló pọ̀ jù. Mo ń fi ojú tí n kò ní gbé ọmọ ọlọ́mọ. Mo máa lọ sí Ìlú. Ṣùgbọ́n ìwọ lo máa mú mi lọ, Líndò. Bó bá jẹ́ inú aṣọ funfun ni mo máa bá padà, ìwọ lo máa gbé mi sáyà."

"Èmi ni, Ba."

"Kí o sì máa wo iwájú."

A tún ọkọ̀ ṣe, wọ́n sì lọ. Ọmọ olórí abúlé ló bá wọn ṣọ́nà ní imú ọkọ̀ títí dé Àtíjóní, ṣùgbọ́n fìlà Asípéì ló gbé sórí ìjókòó iwájú kí ìjókòó má baà di tirẹ̀, òun sì dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ láti àárọ̀ títí dọ̀sán. Wọ́n dojú ọkọ̀ náà dé sábẹ́ máńgòrò lẹ́bàá omi ní Àtíjóní. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ló wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ mìíràn ń kọjá, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Àwa jẹ ọbẹ̀ aláìníyọ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin nítorí pé kò sẹ́ni tó gbé ẹrù wa wá, kò sì sẹ́ni tó ráhùn, àfi èmi.

Lọ́jọ́ tí ìròyìn ní wọ́n ń bọ̀, èmi àti Nówè bá ọkọ̀ abúlé kejì lọ pàdé wọn. Mo sọ fún gbogbo èèyàn pé ṣọ́ọ̀kì ni mò ń lọ rà. Nówè gbé àjẹ̀ fínfín náà dání, ó fi ìró wé e. Lójú ọ̀nà, ó kàn ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bọ́ọ̀sì dé. Líndò kọ́kọ́ sọ̀, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ṣófo. Kò gbé aṣọ funfun kankan sáyà. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Asípéì yọ pẹ̀lú awò dúdú lójú, ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, kò di ẹnikẹ́ni mú. Ó ṣí awò. Ó wò mí títí.

"Tíṣà," ló wí, "ẹ ti sanra!"

Wọn ò bú mi kó dùn mọ́ mi bẹ́ẹ̀ rí.

"Ẹ ò tíì gbọ́ ti eléyìí," ló ń nàka sí Líndò. "Nígbà tí wọ́n ṣí ojú mi, bàbá arúgbó kan ló jókòó tì mí. Mo ní, 'Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe àna mi, ọ̀dọ́mọkùnrin kan báyìí ni.' Ó ní òun ni! Ta ló ní kó darúgbó láì gbàṣẹ?"

"Ẹ̀yin náà ẹ wo dígí, Ba," ni Líndò wí.

Nówè tú ìró kúrò lára àjẹ̀, ó nà án sí ọkọ rẹ̀. Asípéì gbà á, ó fi ìka tọ gbogbo ibi tó fín, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ìka rẹ̀ dé etí àjẹ̀, ó dúró. "Etí rẹ̀ ti jẹ. Nówè! O ti ń lò ó!"

"Ó ti tó ọdún méjì," ni Nówè wí. "Mo ní kí n máa lò ó nígbà tí ẹ ò ríran, kí orí yín má baà wú." Ó fi ìró bojú, ẹkún sì gbà á.

A yí ọkọ̀ padà, a kó ẹrù sí i, a gbéra. Ọ̀sán gangan ni a dé Ìyá Ìyàwó, omi ń hó, igi yẹn ṣì wà níbẹ̀. Asípéì dúró ní imú ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Kò gbé ọwọ́. Ẹ́ńjìnnì rẹlẹ̀, ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró lójú kan. Mo wẹ̀yìn wo Líndò. Ó la ẹnu sílẹ̀ bí ọmọdé tí wọ́n fẹ́ bu ẹran fún, ojú rẹ̀ kò kúrò lẹ́yìn orí àna rẹ̀, kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.

"Líndò!" ni Asípéì pè, kò bojú wẹ̀yìn. "Ṣé ò ń wò?"

"Mò ń wò, Ba!"

Nígbà náà ni ọwọ́ náà gbéra, ó lọ sí ọ̀tún, ọkọ̀ sì tẹ̀ lé e. Oòrùn ń jó mi lágbárí. Agboòrùn mi wà lẹ́sẹ̀ mi, n kò sì ṣí i.